Kí Ààrá Má Baà Gbọ́

Aṣọ ni wọ́n pe Rùkáyátù wá wọ̀n lára àwọn eléré, kì í ṣe eré ló wá wò.

Adédiwúrà, obìnrin tó ń darí ẹgbẹ́ eléré kékeré kan ní Ìkòsì, ló ránṣẹ́ sí i. Ẹgbẹ́ náà ti gba họ́ọ̀lù ilé ìwé kan, wọ́n sì fẹ́ ṣe eré kúkúrú mẹ́rin níbẹ̀ lọ́sàn-án Sátidé. Eré tuntun ni gbogbo wọn. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbé láàárín Kétu sí Ọjọ́ta ló kọ wọ́n, ẹnikẹ́ni ò sì tíì gbé wọn sórí ìtàgé rí. Kò sí èyí tó gùn ju àkókò tí ìrẹsì fi ń jinná lọ. Àwọn kan ti sọ fún Adédiwúrà pé ará Mile 12 kò ní torí eré tí kò ní ìbọn àti iwin fi ilé rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n máa wò ó.

Ìyá Shittu ni gbogbo àdúgbò ń pe Rùkáyátù, bẹ́ẹ̀ Shittu ti kúrò nílé, ó ti lé lọ́dún méjì. Ó jáde láàárọ̀ ọjọ́ kan pé òun ń lọ bá ẹnì kan tó ṣèlérí iṣẹ́ fún òun ní Ọjọ́ta. Ó ní kí ìyá òun bu ẹ̀wà sílẹ̀ fún òun. Ẹ̀wà yẹn kan, wọ́n sì dà á nù.

Rùkáyátù àti Àbúdù ọkọ rẹ̀, tó ń ta àlòkù irin ní Owódé Onírin, jọ wá ọmọ náà. Wọ́n dé àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n dé ọsibítù, wọ́n dé mọ́ṣúárì. Níbi gbogbo, orúkọ kan náà ni wọ́n ń dá: Shittu Àbúdù. Ẹni tó bá wà nídìí tábìlì á wo ìwé, á sì mi orí. Ní mọ́ṣúárì, wọ́n ṣí aṣọ lójú ọmọ ọlọ́mọ fún Rùkáyátù. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé kì í ṣe tòun, ojú sì tì í lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ nítorí ìyá ẹni tó dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Nígbà tó pẹ́, Àbúdù pe àwọn àáfà, wọ́n sì ṣàdúrà fún Shittu bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún òkú. Rùkáyátù ò yọjú síta lọ́jọ́ náà. Kò fọwọ́ kan sàráà tí wọ́n pín. Láti ìgbà yẹn, tọkọtaya náà ò dárúkọ ọmọ wọn fún ara wọn mọ́. Ṣùgbọ́n bí Rùkáyátù bá rí ọmọkùnrin kan nínú èrò Mile 12 tí ẹ̀yìn orí rẹ̀ jọ ti Shittu, yóò fi ohun tó ń rà sílẹ̀, yóò sì tẹ̀ lé e títí ẹni náà á fi yíjú padà.

Nígbà tó wọ họ́ọ̀lù náà pẹ̀lú téèpù lọ́rùn, ìdánrawò ti bẹ̀rẹ̀.

"Ìyá Shittu, ẹ jókòó díẹ̀," Adédiwúrà wí. "Bí ẹ bá rí irú èèyàn tí wọ́n ń ṣe, ẹ ó mọ aṣọ tó yẹ wọ́n."

Ó jókòó. Lójú tirẹ̀, ariwo àti ẹ̀fẹ̀ ni eré. Ó ti wo eré àwọn eléré alárìnjò nígbà tó wà ní kékeré ní Ìsẹ́yìn, níbi tí wọ́n ti ń kọrin, tí wọ́n ń jó, tí olè ń sá gba àárín èrò kọjá. Èyí yàtọ̀. Nínú eré àkọ́kọ́, ọkọ àti ìyàwó ń kó ẹrù wọn nínú ilé tí wọ́n fẹ́ wó, wọ́n sì ń jà lórí ta ni yóò gbé àga kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán. Nínú èkejì, ọmọbìnrin kan ń ká aṣọ bàbá rẹ̀ tó kú, ó ń pe nọ́ńbà kan lórí fóònù, ẹni tó ń pè ò sì gbé e. Kò sunkún. Ó kàn ń ká aṣọ ni. Ó ya Rùkáyátù lẹ́nu pé òun ò lè mójú kúrò lára ẹni tó ń ká aṣọ lásán.

"Ta ló kọ eléyìí?" ó bi Adédiwúrà ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Àwọn ọmọ wa níbí náà ni, Mummy. Ṣé ó dáa?"

"Ó dáa, àmọ́ kò dùn," Rùkáyátù dáhùn. Adédiwúrà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an lòun fẹ́ kó rí.

Eré kẹta ni ti Dárasími, ọmọbìnrin gíga kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tó sì ń gbé lọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ ní Ṣangíṣà. Ọkùnrin méjì ló wà nínú eré yìí. Wọ́n wà nínú yàrá kan, òjò ń rọ̀ níta. Wọn ò sọ ibi tí yàrá náà wà. Ife kan ló wà nílẹ̀ láàárín wọn. Èyí tó kéré nínú wọn ò tíì jẹun, ẹ̀rù ààrá sì ń bà á. Ẹnì kan nínú àwọn eléré mi páànù gìrìgìrì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàgé, èyí tó kéré káwọ́ lé etí. Ẹ̀gbọ́n bu omi sínú ife, ó nà án sí i.

"Mu omi," ó wí, "kí ààrá má baà gbọ́ ohùn ikùn ẹ."

Àwọn eléré tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín, nítorí ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ wọn. Rùkáyátù dìde. Kò mọ̀ pé òun ti dìde. Ó gba ààrin àwọn àga kọjá, ó sì dúró níwájú ọkùnrin tó mú ife dání.

"Tún un sọ."

Ọmọkùnrin náà wo Adédiwúrà.

"Mo ní kó o tún un sọ."

Ó tún un sọ. Rùkáyátù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú rẹ̀. Wọ́n gbé àga wá, wọ́n bu omi fún un, kò mu ún.

Òun nìkan ló mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wá. Nígbà tí Shittu wà ní kékeré, wọ́n ń gbé inú yàrá kan ní Àgílítí, létí odò, níbi tí omi ti máa ń wọlé bí òjò bá pọ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, òjò mú wọn mọ́lé. Kò sí oúnjẹ, ọjà ò ṣeé lọ, ààrá sì ń sán. Ọmọ náà ń sunkún ebi, ó ń sunkún ẹ̀rù. Rùkáyátù ò ní nǹkan tó lè fún un. Ó wá sọ fún un pé ọmọ tí kò tíì jẹun ni ààrá ń wá kiri, kó mu omi, kí ààrá má baà gbọ́ ohùn ikùn rẹ̀. Ọmọ náà mu omi, ó dákẹ́. Láti ọjọ́ yẹn, ìgbàkígbà tí òjò bá rọ̀, Shittu á bu omi, á gbé e fún ìyá rẹ̀, á sì sọ ọ̀rọ̀ náà padà fún un. Títí tó fi ní irùngbọ̀n ló ń sọ ọ́. Kò sí ẹlòmíràn láyé tó mọ̀ ọ́n.

"Ibo lo ti rí ọ̀rọ̀ yẹn?" ó bi Dárasími.

"Mo rò ó ni, Mummy."

"O rò ó?"

"Ó kàn wá sí mi lọ́kàn." Ilẹ̀ ni Dárasími ń wò bó ṣe ń sọ̀rọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mi ò mọ̀ pé ó máa dùn yín."

Rùkáyátù ò sọ fún un pé ó parọ́. Ó wọn aṣọ gbogbo wọn tán, ó sì lọ sílé.

Àbúdù ń ṣàlùwàlá nígbà tó dé. Ó dúró tì í títí tó fi parí, ó wá sọ ohun tí etí rẹ̀ gbọ́ fún un. Ọkọ rẹ̀ gbọ́ ọ tán, ó sì nu ọwọ́ rẹ̀ gbẹ.

"Ọ̀rọ̀ ẹnu ni, Rùká. Ìyá mélòó ló wà ní Èkó yìí? Àwọn mìíràn náà lè sọ ọ́ fọ́mọ wọn."

"Èmi ni mo dá a sọ. Mo mọ ọjọ́ tí mo sọ ọ́."

"Jẹ́ ká simi. Mo ti sin ọmọ mi. Má bá mi hú u."

"Kí lẹ rí sin, Bàbá Shittu?"

Àbúdù kọjú sí ibi tó ti fẹ́ kírun. Ó pẹ́ kó tó gbé ọwọ́ sókè.

Láti ọjọ́ kejì, ojoojúmọ́ ni Rùkáyátù ń lọ sí ìdánrawò. Ó máa ń rí àwáwí. Lónìí, ó ní apá aṣọ ẹnì kan fún jù. Lọ́la, ó tú ohun tó ti rán, ó ní òun fẹ́ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i. Aṣọ àwọn oníbàárà rẹ̀ ń kó jọ ní ṣọ́ọ̀bù. Ó máa ń jókòó sí àga iwájú, ó sì ń wo eré àwọn ọkùnrin méjì náà bí ẹni ń wo ojú aláìsàn.

Bó ṣe ń wò ó léraléra, ohun tí kò rí tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hàn sí i. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ó rò pé ilé òṣì kan ṣá ni wọ́n wà. Lẹ́yìn náà ló ṣàkíyèsí pé bí ẹ̀gbọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ìta, "lọ́hùn-ún" ló máa ń pè é, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ìlú òkèèrè. Ó ṣàkíyèsí pé òjò ń wọlé sí wọn lára, kò sì sí èyí tó dìde lọ ti fèrèsé. Ní ọ̀sán Fúráìdé, ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ eré, ó rí ohun tó mú kó gbá àyà mú. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìlẹ̀kùn wà níbẹ̀. Ebi ń pa wọ́n, ẹ̀rù ń bà wọ́n, síbẹ̀ kò sí èyí tó sún mọ́ ìlẹ̀kùn yẹn rí nínú wọn. Kì í ṣe pé wọ́n gbàgbé rẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé kì í ṣe àwọn ló ń ṣí i.

Ó wo Dárasími. Ọmọbìnrin náà ti ń wò ó. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó sì jáde kí ìdánrawò tó parí.

Rùkáyátù bèèrè ilé wọn lọ́wọ́ Adédiwúrà, ó ní òun fẹ́ lọ wọn ẹ̀wù fún ọmọ náà. Òjò bá a lójú ọ̀nà Ṣangíṣà. Kò yà síbì kankan. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà wọn, omi ń ṣàn lára rẹ̀, Dárasími ló sì ṣílẹ̀kùn. Rùkáyátù kúnlẹ̀ sórí símẹ́ńtì tó tutù yẹn, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹsẹ̀ ọmọ tó lè bí mú.

"Mummy, ẹ dìde. Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má ṣe báyìí fún mi."

"Sọ ibi tó wà fún mi."

"Mummy—"

"Bó bá ti kú, sọ fún mi pé ó ti kú. Màá dìde. Mi ò ní dá ọ lẹ́bi."

Bridget, ìyá Dárasími, sáré jáde láti ilé ìdáná. Nígbà tó rí àgbà obìnrin lórí ìkúnlẹ̀ níwájú ọmọ rẹ̀, òun náà kúnlẹ̀ tì í, ó ń gbìyànjú láti gbé e. Kò lè gbé e.

"Dárasími, kí lo ṣe fún wọn?"

Ọmọbìnrin náà bú sẹ́kún. Ó jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ìlẹ̀kùn.

"Mo ti búra fún un," ó wí. "Ó ní kí n gbé Bíbélì, mo sì gbé e."

"Fún ta ni?"

Ó wá sọ ọ́. Òun àtàwọn kan nínú ìjọ wọn máa ń lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n kan lóṣooṣù, wọ́n ń kọ́ àwọn tó wà níbẹ̀ láti ka ìwé, wọ́n sì jọ ń ṣe eré kéékèèké. Ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó máa ń jókòó sẹ́yìn, tí wọn ò tíì dá ẹjọ́ rẹ̀. Òun ló fi ẹnu sọ eré náà, tó sì ṣe é bí ẹni méjì, Dárasími wá kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní Dárasími kò gbọ́dọ̀ sọ ibi tó ti rí i fún ẹnikẹ́ni.

"Kí ni wọ́n ń pè é?" Rùkáyátù bèèrè.

"Felix."

Ìrètí tó wà lójú Rùkáyátù kú. Ó jọ̀wọ́ ẹsẹ̀ ọmọ náà. "Kì í ṣe òun," ó wí. "Ọmọ mi kì í jẹ́ Felix."

Dárasími nu ojú. "Ó ní àpá kan níbí," ó wí, ó sì fọwọ́ kan ìsàlẹ̀ àgbọ̀n ara rẹ̀. "Ó ní ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ lòun ṣubú lù nígbà tóun ń kọ́ ìrìn."

Rùkáyátù fi orí kanlẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ìgbà tó gbé e sókè, ó ní kí wọ́n máa lọ báyìí.

"Wọn ò ní jẹ́ ká wọlé, Mummy. Lópin ọ̀sẹ̀, wọn kì í gba àlejò. Ó di Mọ́ńdè." Dárasími wo ìyá rẹ̀, ó tún yíjú sí Rùkáyátù. "Nǹkan mìíràn tún wà. Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀, kò wá sí kíláàsì mọ́. Wọ́n ní ara rẹ̀ ò yá. Nígbà tí mo tún bèèrè, wọ́n ní àwọn ti kó àwọn kan kúrò. Mi ò mọ̀ bóyá ó wà níbẹ̀ mọ́."

Rùkáyátù sọ gbogbo rẹ̀ fún Àbúdù ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó retí pé yóò jiyàn. Kò jiyàn. Nígbà tó gbọ́ orúkọ Felix, ó bojú wo ilẹ̀.

"Èmi ni," ó wí. "Mo sọ fún un nígbà tí wọ́n mú ọmọ Káyọ̀dé. Mo ní lọ́jọ́ tí ọlọ́pàá bá fi orúkọ mi kanlẹ̀kùn ilé yìí, kó má pè mí ní bàbá mọ́."

Káyọ̀dé ni ẹni tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kángun sí ti Àbúdù ní Owódé Onírin. Rùkáyátù rántí ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ náà, nítorí òun fúnra rẹ̀ ti sọ "àmín" sí i.

Lọ́sàn-án Sátidé, họ́ọ̀lù náà kún. Àwọn tó ń ta tòmátì ní Mile 12 wá pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, àwọn onímọ́tò wá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dúró lẹ́bàá ògiri. Rùkáyátù jókòó sí iwájú. Kò sí ohun tó lè mú un dúró nílé, bẹ́ẹ̀ ni kò sì mọ bí òun yóò ṣe fara da á. Nígbà tí wọ́n mi páànù, tí ọkùnrin náà na ife, gbogbo họ́ọ̀lù rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà gún un bí abẹ́rẹ́. Èyí tó kéré gba omi, ó mu ún, ó tún na ife náà padà. Ẹ̀gbọ́n bù ú lẹ́ẹ̀kejì. Ó tún na ife. Ẹ̀gbọ́n bù ú lẹ́ẹ̀kẹta. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta yìí, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Obìnrin kan lẹ́yìn sọ jẹ́ẹ́ pé, "Yéè, ebi ń pa wọ́n," bí ẹni pé ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́. Iná ìtàgé kú, àwọn ọkùnrin méjì náà ṣì wà nínú yàrá wọn.

Lẹ́yìn eré, Adédiwúrà ní kí àwọn èèyàn sọ ohun tí wọ́n rí. Ọ̀gbẹ́ni Bartholomew, tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì, gbé ọwọ́ sókè. Ó yin ọmọbìnrin tó ń ká aṣọ. Ó ní ti àwọn ọkùnrin méjì wọ òun lára, ṣùgbọ́n òun ò fẹ́ bó ṣe parí.

"Wọ́n kàn wà níbẹ̀ ni," ó wí. "Kò sí ohun tó yí padà. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹni tó kọ ọ́ ò mọ bó ṣe máa parí rẹ̀ ni."

Dárasími dìde. Ohùn rẹ̀ ò ròkè. "Ọ̀gá, èmi nìkan kọ́ ni mo kọ ọ́. Ẹni tó ni ín ò sí níbí. Òun náà ò mọ bó ṣe máa parí."

Ní Mọ́ńdè, Rùkáyátù àti Dárasími lọ. Àbúdù wọ agbádá tó máa ń wọ̀ lọ sí yídì, ó tẹ̀ lé wọn láìsọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu géètì ọgbà ẹ̀wọ̀n náà, ó dúró lẹ́bàá ògiri, ó ní kí wọ́n máa wọlé. Rùkáyátù ò bá a jiyàn.

Wọ́dà tó wà nídìí tábìlì wá orúkọ náà, kò rí i. Ó pe ẹnì kejì. Ẹni yẹn ní Felix mẹ́ta ló wà, èwo ni wọ́n ń wá. Dárasími ṣàlàyé. Wọ́n ní kí wọ́n dúró. Àwọn tó wá lẹ́yìn wọn ti rí èèyàn wọn, wọ́n ti lọ, Rùkáyátù àti Dárasími ṣì wà lórí bẹ́ǹṣì. Rùkáyátù ti bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé ìwé ni wọn yóò mú wá, kì í ṣe èèyàn.

Wọ́n mú un wá láti yàrá àwọn aláìsàn. Ọrùn rẹ̀ ti gùn. Ó ń wúkọ́, ó fi ọwọ́ ti ògiri bó ṣe ń rìn. Dárasími ló kọ́kọ́ rí, ó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó rí ẹni tó jókòó tì í, ó yí padà, ó fẹ́ padà sínú.

"O sọ fún wọn," ó sọ fún Dárasími, ó kẹ̀yìn sí wọn.

Rùkáyátù ti pèsè ọ̀rọ̀ púpọ̀ láti ọdún méjì ó lé. Gbogbo rẹ̀ fò lọ. Ohun tó bọ́ sí i lẹ́nu ni pé, "Mo wo eré ẹ."

Ó dúró.

"Wọ́n ti ṣe é?"

"Wọ́n ṣe é ní Sátidé. Èèyàn kún ibẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà."

Ó yíjú padà díẹ̀díẹ̀. Ó wá jókòó sí òdì kejì tábìlì. Kò jẹ́ kí ìyá rẹ̀ fọwọ́ kan òun, ó ní ikọ́ náà lè ràn án. Ó bèèrè irú ife tí wọ́n lò. Ó bèèrè ẹni tó ṣe ẹ̀gbọ́n. Rùkáyátù ń dá a lóhùn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ò tó mọ́, ó dìde, ó sì ṣe é fún un, níbẹ̀ níwájú wọ́dà. Ó mi ọwọ́ bí ẹni mi páànù. Ó na ife tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣe ti ẹ̀gbọ́n, ó sì ṣe ti àbúrò.

"Wọ́n rẹ́rìn-ín níbẹ̀?" Shittu bi í.

"Wọ́n rẹ́rìn-ín lákọ̀ọ́kọ́. Nígbà tó na ife lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n dákẹ́."

Shittu fi ọwọ́ bo ojú. Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ikọ́ ni tàbí ẹkún.

Ó sọ fún wọn pé ní ọjọ́ tóun jáde nílé, wọ́n ti fọ́ ṣọ́ọ̀bù kan ní Ọjọ́ta, àwọn ọlọ́pàá sì kó gbogbo ọ̀dọ́ tó wà ní oríta náà. Òun ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ó rántí ọ̀rọ̀ bàbá òun, ó sì dárúkọ tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Ó rò pé wọn yóò fi àwọn sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

"Nígbà tí wọn ò fi wá sílẹ̀, mo ní màá sọ lọ́la. Ojú wá ń tì mí. Nígbà tó yá, kò sí Shittu mọ́ nínú ìwé wọn, Mummy. Ta ni mo fẹ́ sọ pé mo jẹ́?" Ó mí díẹ̀. "Bàbá ńkọ́?"

"Wọ́n wà níta."

Ó mi orí pé rárá. Wọ́dà ní àkókò ti tó.

Àbúdù ṣì wà lẹ́bàá ògiri nígbà tí wọ́n jáde, oòrùn ti dé orí rẹ̀. "Ó rù," Rùkáyátù wí. "Ó bèèrè yín." Ọkùnrin náà kọjá lára rẹ̀, ó wọlé lọ bá wọ́dà, ó sì bọ́ fìlà. Wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ìta: "Ẹ jọ̀ọ́, Ọ̀gá. Èmi ni bàbá Felix." Wọ́n ní kó padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Ó padà lọ lọ́jọ́ mìíràn, wọ́n sì jẹ́ kó rí i. Kò sọ ohun tí wọ́n jọ sọ fún ìyàwó rẹ̀.

Adédiwúrà ló bá wọn wá lọ́yà, Akínbíyì, tó máa ń wá wo eré wọn. Ẹjọ́ náà kò yá. Fáìlì Felix ti sọnù, kò sì sí ìwé kankan tó sọ pé wọ́n mú Shittu. Orúkọ tó fi fara pa mọ́ fún àwọn òbí rẹ̀ náà ló ń dá a dúró. Àìmọye ìgbà ni Rùkáyátù dé kóòtù tí wọ́n ní adájọ́ ò wá. Nígbà tó yá, Àbúdù dúró níwájú adájọ́, ó búra pé ọmọ òun ni, ó sì sọ ohun tó mú kí ọmọ náà yí orúkọ padà, lójú gbogbo èèyàn. Òjò ti rọ̀ lọ, ọyẹ́ ti dé, òjò mìíràn sì ti ń ṣú kí wọ́n tó fi Shittu sílẹ̀.

Ó wá sílé pẹ̀lú ikọ́ rẹ̀. Kì í sùn bí wọ́n bá ti ìlẹ̀kùn. Bí ẹnikẹ́ni bá pe orúkọ rẹ̀ lójijì, ó máa ń pẹ́ kó tó dáhùn. Rùkáyátù ti rò pé bí òun bá ti rí i, ìbẹ̀rù á tán. Kò tán. Ó wá ń bẹ̀rù ikọ́ náà, ó ń bẹ̀rù bó ṣe ń jókòó kọjú sí ògiri, ó ń bẹ̀rù òwúrọ̀ tí yóò jáde láìsọ ibi tó ń lọ.

Nígbà tí ẹgbẹ́ Adédiwúrà tún ṣe eré náà, wọ́n fi orúkọ méjì sí i, ti Dárasími àti ti Shittu. Shittu bá ìyá rẹ̀ lọ. Kò gbà láti jókòó síwájú. Ẹ̀yìn ni wọ́n wà, lẹ́bàá ìlẹ̀kùn. Nígbà tí àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, kò wo ìtàgé mọ́; àwọn tó ń rẹ́rìn-ín ló ń wò, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni fẹ́ mọ ojú wọn. Òun ni ìyá rẹ̀ ń wò.

"Ṣé wọ́n ṣe é dáadáa?" ó bi í nígbà tó parí.

Shittu ronú sí i.

"Wọ́n gbìyànjú," ó wí. "Wọ́n kàn yára jù ni. Níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń yára sọ̀rọ̀. Èèyàn lè bi ọ́ lọ́rọ̀ láàárọ̀, kó o dá a lóhùn nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀."

Ó ní òun fẹ́ gba atẹ́gùn. Rùkáyátù dìde, ó tẹ̀ lé e jáde.